IEP tàbí 504: èwo ni kí òbí béèrè fún ní Amẹ́ríkà?

Ètò 504, ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé fún ọmọ tó ní àìlera, tó ti inú òfin ọdún 1973 wá, kì í sábà yí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ padà. Àfikún àkókò nídìí ìdánwò tàbí ìjókòó nítòsí olùkọ́ ló máa ń fún un. Bí ọmọ bá mọ̀wé, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìyẹn lè tó.

IEP (Individualized Education Program), ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ní àìlera, jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀kọ́ àkànṣe wà níbẹ̀, wọ́n á kọ àfojúsùn sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún, ó kéré tán. Òfin fi òbí sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ètò náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ yín di òǹwòran! Bí kíkà bá ṣì ń nira fún ọmọ yín, IEP ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ọmọ, ẹ fi déètì sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà.