Ẹkùn àti Kìnìún

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú ẹkùn àti kìnìún, ẹkùn ni màá mú. Kìnìún ń gbé láàárín ẹbí rẹ̀ ní pápá. Bó bá bú ramúramù, a lè gbọ́ ọ ní kìlómítà 8. Ẹkùn kì í bẹ́gbẹ́ rìn. Abo nìkan ló ń dá tọ́ ọmọ. Òru ló fi ń ṣọdẹ, á sì fi ẹnu wọ́ ẹran tó wúwo bíi tirẹ̀ gun orí igi kí ìkookò má bàa jà á gbà. Ògìdán, olólà ijù! Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí, ọ̀bọ ni à ń rí; síbẹ̀, ẹ̀ka igi ńláńlá ibẹ̀ máa ń mú ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.