Kíláàsì Tíátà Ọjọ́ Sátidé ní Ìlọrin: Ohun Tí Mo Rí Láàárín Ọ̀sẹ̀ 10

Àjàṣẹ́-Ìpo là ń gbé. Fún ọ̀sẹ̀ 10 gbáko, gbogbo àárọ̀ Sátidé lèmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ń wọkọ̀ lọ sí Tankẹ ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré orí ìtàgé, ijó àti ìlù. ₦30,000 ni wọ́n gbà, owó ọkọ̀ ò sí níbẹ̀. Àwọn òbí ń bi mí bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó owó náà.

Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo rò pé ìwé eré ni wọn máa kó fún wọn. Ẹní ni olùkọ́ wọn tẹ́. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é. Yunifásítì Ìlọrin ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré, ní ẹ̀ka tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Zulu Sofola, obìnrin òǹkọ̀wé eré, ti ṣe olórí rí. Ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí kálukú gbé ìwé kan lé ikùn. Bí ọmọ bá mí sínú, ìwé gbọ́dọ̀ gbéra. Bó bá jẹ́ àyà ló gbéra, á tún un ṣe. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ mi dìde, kó ki oríkì ara rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ń kí àlejò nílé, ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ ń kú sí! Ohùn rẹ̀ lọ kan ògiri òdìkejì. Omi bọ́ lójú mi.

Àǹtí ò fi ohùn ọ̀rọ̀ ṣeré rárá. "Ọkọ̀ mi ti dé" ló wà nínú eré wọn. Ọmọ kan lọgun rẹ̀, ó di "ọkọ mi ti dé." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n tún un sọ, torí ariwo máa ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn ò ní mọ ohun tó dé.

Ìlù àti ijó náà dáa. Wọ́n kọ́ ìgbésẹ̀ Eléwe, eégún oníjó tiwa-n-tiwa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Wọ́n tún ń fi orin Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú sí i fún wọn, kí wọ́n gbọ́ bí ẹlẹ́gbè dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ṣe ń gbè.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ló dùn mí. Páànù ni òrùlé rẹ̀, kò sí síìlì. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gèlè àwọn ìyá iwájú lẹni ẹ̀yìn ń wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe eré àṣekágbá, òjò dé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà ń dún, wọ́n bá fi máíìkì lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọwọ́ tó yẹ kó máa ṣeré wá ń di máíìkì mú, èémí tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ 10 kọ́ ò wúlò mọ́.

Mo ti gbé Èkó rí. Ìlú etí òkun yẹn ti ní gbọ̀ngàn tipẹ́: Glover Hall ni Hubert Ogunde ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944, ilé eré Ìgànmú tí wọ́n ṣí ní 1976 sì gba èèyàn 5,000 nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. N ò retí irú ìyẹn ní Tankẹ. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ keje, iná lọ, ooru mú, Àǹtí kó wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò. A tò yí wọn ká, bí wọ́n ṣe ń pagbo fún alárìnjó, àwọn òṣèré tó ń ti ìlú dé ìlú, láyé àtijọ́. Kò sẹ́ni tó jìnnà sí wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló já geere sí wa létí, kò sí máíìkì kankan.

Mo bá Àǹtí sọ ọ́, pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lo àgbàlá náà. Ó ní àwọn á tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Oṣù kọkànlá ni sáà tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn á ti wọlé. Mo ti sanwó ọmọ mi, mo sì ti san ti àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn.