Kílíníìkì eyín kékeré tá a lọ ní Kubwa, lẹ́yìn tí ẹmájẹ́ńsì ti gbowó tán lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Dutse àti Bwari l'Ábújá níbí, tí eyín bá ń dùn yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó tún ra Flagyl.

Ìrónì-bẹ́ńdà ni àbúrò mi ọkùnrin, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un, kò ní NHIA kankan, ìyẹn insurance ìlera ti ìjọba. Ó tó oṣù mẹ́ta tí eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ ti ń dà á láàmú. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́mísì ló ń sá lọ, wọ́n á da Ampiclox àti Flagyl àti oògùn ìrora pọ̀ fún un sínú ọ̀rá kékeré, á rọlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á tún dé. Ẹnìkan ní sáìtì tiẹ̀ ní kó ti òwú bọ omi bátìrì kó fi dí ihò eyín náà. Omi bátìrì! Èmi ni mo já òwú yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ásíìdì tó ń jẹ irin, ṣé ẹnu èèyàn ló máa wá dá sí?

Òru Sátidé kan ló pè mí, ohùn ẹ̀ ò já gaara. Ìgbà tí mo máa débẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wú, abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ le gbandi, kò lè la ẹnu, itọ́ lásán kò ṣe é gbé mì. Àyà mi já, torí irú wíwú bẹ́ẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, ó lè dí èémí. A gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Owó káàdì, owó bẹ́ẹ̀dì, dírìípù, abẹ́rẹ́ oríṣi méjì, ₦49,000 ló lọ kílẹ̀ tó mọ́, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan eyín náà, wọn ò ní dókítà eyín lóru. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ ká rí ọjọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n eyín tó ń fà á ṣì jókòó sẹ́nu ẹ̀.

Mọ́ńdè la wá lọ kílíníìkì tí mò ń sọ yìí. Dókítà náà, obìnrin ni, ó ń bá bàbá kan sọ Hausa nígbà tá a wọlé, ó yíjú sí wa, Yorùbá ló fi kí wa. Ó fi ìdí díńgí kékeré ọwọ́ ẹ̀ gbá eyín náà pẹ́, àbúrò mi fò sókè lórí àga. Wọ́n ya X-ray, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n yọ ọ́, ọyún ṣáà ń dà, òórùn yẹn gba gbogbo yàrá. Ó gbé eyín náà hàn wá nínú abọ́ irin, ihò dúdú kan báyìí lórí ẹ̀, ó ní kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn ló jẹ ẹ́ o, ṣúgà ni àwọn bakitéríà ń sọ di ásíìdì tó ń gbẹ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Gbogbo owó ẹ̀ ₦19,000. Ó ní ká ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn la wá, dídí ni wọn ì bá dí i, kò ní pàdánù eyín.

Ìyá kan tún gbé ọmọ wá, ẹran ìdí eyín ọmọ náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ó rù. Kíá ni dókítà pe ọmọ yẹn wọlé ṣáájú gbogbo wa. Ó ní ibi tí noma ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àrùn tó ń jẹ ojú àwọn ọmọdé tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, tí wọ́n ní ọsibítù ẹ̀ lọ́tọ̀ ní Sokoto.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Amẹ́ríkà gan-an, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ìgbà lọ́dún ni wọ́n ń torí eyín wọ ẹmájẹ́ńsì, àwọn tí ò ní insurance wà lára àwọn tó pọ̀ jù, oògùn ìrora àti antibiotic náà ni wọ́n ń kó fún wọn. Ọdún 2007 ní Maryland, ọmọ ọdún 12 kan, Deamonte Driver, àrùn gba ìdí eyín tó jẹrà dé ọpọlọ ẹ̀, ó kú. Nǹkan bí $80 ni wọn ì bá fi yọ eyín yẹn.

Ohun tí ò dáa níbẹ̀: a jókòó fún wákàtí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì ìta ni, oòrùn pa wá. Wọn kì í ṣí ní Sátidé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ á pàdánù owó ọjọ́ kan, ó yẹ kí wọ́n tún ìyẹn ṣe. Ẹ tètè dé, kó tó di aago méje ààbọ̀, kẹ́ ẹ sì mú kásì dání torí POS wọn ń ṣe ségesège.

Ọjọ́ kẹrin àbúrò mi ti padà sí sáìtì. Tọ́sìdeè yìí mò ń kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ, kò tíì sí èyí tí eyín ń dùn nínú wọn.