Ilé Fẹlá ní Gbẹ́misọ́lá, Ìkẹjà: ẹ lọ wò ó

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó tẹ́ ò tíì dé Kalakuta Museum ní Gbẹ́misọ́lá, ẹ̀gbẹ́ Allen ní Ìkẹjà, ẹ yáa wá àyè. Ilé tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé nìyẹn, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997, ẹni ọdún 58. Ọjọ́ ìbí ẹ̀, 15 oṣù kẹwàá, ni wọ́n ṣí i fún aráàlú lọ́dún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà sì fowó sí i.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ilé èèyàn ṣì ni. Iwájú ilé lẹ máa ti kọ́kọ́ bá sàréè ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sin àgbà sílé nílẹ̀ wa, kẹ́ ẹ tó wọlé rárá lẹ ti kí i. Nínú ilé, fọ́tò àti ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lára ògiri, bàtà ẹ̀ wà ńbẹ̀ lóríṣiríṣi, aṣọ eré ẹ̀ náà wà ńbẹ̀, àti pátá, bẹ́ẹ̀ ni, pátá aláràbarà tó máa ń wọ̀ nìkan jókòó sílé kódà bí oníwèé ìròyìn bá wá bá a. Ẹ dúró níbi aṣọ yẹn dáadáa. Ó kéré! Èèyàn á ti rò pé ọkùnrin tó ń bú ṣọ́jà bẹ́ẹ̀ yẹn á sígbọnlẹ̀ gan-an, àṣé ara tín-ín-rín báyìí ni wọ́n ń nà, tí wọ́n ń tì mọ́lé, ara náà ló sì ń fi fọn fèrè mọ́jú.

Yàrá ẹ̀ wà bó ṣe wà, ara gíláàsì lẹ ti máa wò ó, ibùsùn ẹ̀ sún mọ́lẹ̀, kò sí fàájì olówó kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ 58 yẹn ti dùn mí wọra, torí 58 kì í ṣe àrúgbó, ìgbà yẹn ló yẹ kí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jókòó ti àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kó máa tọ́ wọn sọ́nà.

Tí ẹni tó ń mú yín ká bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹ bi í nípa ikú yẹn, ẹ má tijú. Àrùn éèdì ni, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló sì sọ ọ́ síta fún àwọn oníròyìn lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé kò sí éèdì, irọ́ òyìnbó ni, ẹbí mìíràn ì bá sọ pé ibà ni tàbí pé ayé ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yẹn sọ la ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, ó sì yẹ ká máa yìn ín títí dòní. Bẹ́ẹ̀ náà lèrò ṣì rọ́ lọ sí Tafawa Balewa Square lọ wò ó nínú pósí gíláàsì, wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ má ṣi ilé gbé o: ti Gbẹ́misọ́lá yìí kọ́ làwọn ṣọ́jà jó lọ́dún 1977 tí wọ́n ti ju màmá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé, ìyẹn wà ní Ìdí-Orò, Agege Motor Road. Shrine náà (New Afrika Shrine, gbọ̀ngàn eré orin) tún yàtọ̀, Agídíńgbí nìyẹn wà. Tẹ́ ẹ bá lè dúró di oṣù kẹwàá, ẹ lọ sí ilé yìí lọ́sàn-án kí gó-sílóò Allen tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gba Shrine lọ lálẹ́ fún Felabration, ìnáwó tí Yẹni ọmọ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1998.