Oògùn Ìpáàrà Lára Volkswagen Ìjàpá: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Oògùn ìpáàrà tí àwọn ọlọ́dà ń tà ní Owódé, ní ìlú Ọ̀yọ́, tó ohun tí ẹni tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe nínú ọgbà ara rẹ̀ lè ná owó lé lórí, bí onítọ̀hún bá ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo irin tó dógùn-ún ni oògùn ń ràn. Ara Volkswagen Ìjàpá kan ni mo ti dán an wò, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, tí òjò àti ọyẹ́ ti ń pa láti ìgbà tí bàbá wa ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì gbé wọ abẹ́ àtíbàbà páànù ní ẹ̀yìnkùlé láti fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé oògùn náà yóò sọ ìpáàrà di ohun dúdú tí ọ̀dà lè dì mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo.

Phosphoric acid ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Irin tí omi àti atẹ́gùn ti jẹ ni ìpáàrà, ààyè tí ó ń gbà sì ju ti irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀dà fi máa ń wú lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí pupa. Bí ásíìdì yìí bá kan ìpáàrà, yóò sọ ọ́ di iron phosphate, èyí tí kì í yòrò nínú omi. Oríṣi kejì wà tí wọ́n fi tannic acid ṣe, irú èròjà tí ó wà nínú èèpo igi tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń sọ awọ tútù di èyí tí kì í jẹrà, nítorí náà kò yẹ kí ó ṣàjèjì ní ìlú tí iṣẹ́ ọnà awọ ti lórúkọ bíi Ọ̀yọ́. Èyí máa ń dúdú bíi tàdáwà, ṣùgbọ́n n kò rí i rà níhìn-ín.

Mọ́gáàdì iwájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí èèpo ìpáàrà tó ń ṣí fi tán, mo fi ọṣẹ fọ gíríìsì kúrò, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kékeré kun oògùn náà sí i. Kò pẹ́ tí pupa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ásíìdì náà gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, oòrùn ọ̀sán Ọ̀yọ́ kò sì ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: apá tó wà ní gbangba gbẹ kí ó tó jẹ ìpáàrà náà, ó sì fi ìyẹ̀fun funfun kan sílẹ̀ tí a ní láti fọ̀ kúrò, nítorí pé ọ̀dà kò ní dúró lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, tàbí ti abẹ́ ibòji. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ìṣó ha ojú ibẹ̀ wò. Níbi tí ìpáàrà ti fẹ́lẹ́, dúdú ni dé ara irin. Ní kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé dáadáa, ìṣó ṣí ojú dúdú náà kúrò, pupa sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Oògùn náà kì í wọlé jìn. Ẹni tó bá rò pé ìgò yóò gba òun lọ́wọ́ híha, owó rẹ̀ ni ó ń dà sílẹ̀.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ni ẹjọ́ ti pọ̀. Nínú Ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni bátìrì máa ń wà. Omi bátìrì a máa kán sórí páànù tó gbé e dúró, kápẹ́ẹ̀tì tó bá sì ti mu omi òjò kì í jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo gbé bátìrì kúrò, ọ̀dà ṣì wà lójú ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti fi ẹnu sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́, ó wọlé wọ́ọ́rọ́, mo sì ń wo iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé láti inú ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó mọ́ omi, mo dà á sí i títí kò fi hó mọ́, nítorí pé ásíìdì bátìrì tó bá ṣẹ́ kù yóò máa jẹ irin lọ lábẹ́ ohunkóhun tí a bá kùn lé e. Lẹ́yìn náà ni mo kun oògùn sí etí ihò náà. Etí rẹ̀ dúdú, ihò sì ṣì jẹ́ ihò. Àfi kí a gé irú irin bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ó ti nípọn, kí a sì jó páànù tuntun mọ́ ọn.

Panẹbítà tí mo pè kò gba ti oògùn rárá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi bọ́dì-fílà dí i. Ta ló máa wo abẹ́ ìjókòó?” Mo ní, “Ọ̀gá, omi ni yóò wò ó.” Fílà, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi dí ara ọkọ̀ tí ó sì máa ń le bó bá gbẹ, máa ń fa omi, bí kò bá sì sí irin lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ ni yóò ti gba ọ̀rinrin, ìpáàrà á sì tún wú jáde. Nígbà tó yá, ó gbà. Gáàsì kábáìdì ni ó fi jó páànù náà, nítorí pé irin Ìjàpá fẹ́lẹ́, iná mànàmáná a sì máa dá a lu. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára ju ìmọ̀ràn rẹ̀ lọ. Ojú ibi tí ó jó yẹn gan-an ni oògùn náà ti wúlò fún mi jù, nítorí pé irin tí kò ní ọ̀dà lára kì í pẹ́ pupa lásìkò òjò.

Práímà pupa, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ń kọ́kọ́ kùn, ni ọlọ́dà ní kí n kùn lé e, ó ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Omi máa ń gba inú práímà kọjá, ọkọ̀ tí a bá sì fi práímà nìkan sílẹ̀ níta ní oṣù kẹfà yóò dógùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà gan-an ni kí a tètè kùn lé e. Àwọn kan a máa fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa abẹ́ ọkọ̀. Ó ń lé omi, n kò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń ba rọ́bà jẹ́, ọ̀dà kò sì ní dì mọ́ ibẹ̀ títí a ó fi fọ̀ ọ́ mọ́ pátápátá.

Ohun tí n kò fẹ́ràn ni bí wọ́n ṣe ń tà á. Ìgò lítà kan tí wọn kò tíì ṣí wọ́n díẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi máa ń bù ú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, láìsí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ásíìdì ni, ó sì rọrùn fún ọmọdé láti gbé e mu. Ẹ ra èyí tó ní àkọlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì dáàbò bo ojú yín. Lítà kan tó fún mọ́gáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìdí ilẹ̀kùn méjèèjì, ó sì ṣẹ́ kù.