Sílàìdì 46 ni mo kó lọ, 12 ni wọ́n dá padà fún mi

Àpótí ni. Àpótí kéékèèké, wọ́n tò rẹrẹ sójú ògiri, níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá láti ọdún 19 sẹ́yìn ni mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, tí bàbá kan láti ẹ̀yìn wá ń bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ara ọnà àdìrẹ ni àwọn àpótí yẹn?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú yẹn ni mo gbé délé tí mo fi ń kọ èyí nípa ṣọ́ọ̀bù tó bá mi ṣe sílàìdì.

Ìpàdé àwa olùkọ́ èdè ni wọ́n ti ní kí n fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí àdìrẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti PowerPoint. Oníko tí wọ́n ń fi ìko dì, ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí kí wọ́n tó rì í sínú aró, orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni mo rọ́ síbẹ̀. Ó di sílàìdì 46, lẹ́tà inú rẹ̀ ò sì tóbi ju èèrà lọ. Ọmọ mi obìnrin wò ó, ó ní, “Màámi, ta ló máa ka èyí?” Òun ló júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi nítòsí ilé wa n'Íbàdàn, àwọn tó máa ń ṣe sílàìdì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N ò ní dárúkọ wọn.

Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú ò gbójú sókè. Gúgúrú ló ń jẹ. Ó ní, “Ẹ jókòó, mà,” ó fi ẹnu tọ́ka àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni tó gun ọ̀kadà. 15,000 náírà ni wọ́n pè é, mo ná an dé 12,000, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ san án pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Mo san. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ sílàìdì mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ló ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ìwé lẹ kọ, kì í ṣe sílàìdì.” Inú bí mi. Ó ní kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n ka sílàìdì kẹsàn-án fún òun láti ibẹ̀. Yàtọ̀ sí àkọlé, n ò rí nǹkan kan kà. Ó ní, “Ibi tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn máa wà nìyẹn, mà.”

Ní ọjọ́ kẹta mo padà lọ, ó kó 12 lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mi dà? Ó ní kò sọnù, ó wà lábẹ́ sílàìdì kọ̀ọ̀kan, níbi tí èmi nìkan á ti máa rí i bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bú u nígbà tó ṣí sílàìdì kẹrin. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ṣàlàyé níbẹ̀ pé àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n yà sára àdìrẹ Ìbàdàndùn. Ó ti gbá gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwòrán méjì ló fi síbẹ̀. Òpó Mápó wà lápá ọ̀tún. Àdìrẹ wà lápá òsì, ó fà á sún mọ́ni débi pé ẹ ó rí ipa ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ya ẹ̀kọ náà. Lábẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan péré: Ìbàdàndùn. Mo dákẹ́. Àwọ̀ aró àti àwọ̀ ẹfun nìkan ló lò jálẹ̀. Ó tún fi hàn mí pé bí mo bá tẹ B, ojú ògiri á ṣókùnkùn, gbogbo ojú á padà sọ́dọ̀ mi. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Fáàrí ló ba iṣẹ́ ọmọkùnrin náà jẹ́ lójú ìpàdé. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, ológe kan ló wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì dì í mọ́ fáìlì náà. Kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ìpàdé wa ò ní in. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ Yorùbá mọ̀ ọ́n: é wà lódidi nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ náà wà lódidi, ṣùgbọ́n ẹ́ kò sí, ṣe la máa ń gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí ò bá mọ̀ ọ́n gbé á sọ ọ́ di àpótí. Mo pe ọmọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo pe ṣọ́ọ̀bù, oní-gúgúrú ló dáhùn: “Kò sí níbí, mà. Ṣé ẹ ti sanwó?”

Mo tẹ B. Mo fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ títí mo fi dé ìdí Ìbàdàndùn, mo wá tún un tẹ̀. Òpó kọjú sí òpó. Bàbá ẹ̀yìn yẹn ló kọ́kọ́ pariwo, “Mápó!” Sílàìdì 46 tèmi ò ní ní àpótí kankan, fọ́ǹtì lásán ni mo lò. Àmọ́ ta ni ì bá pariwo?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọmọkùnrin oní-sílàìdì wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ṣí Options, ó bọ́ sí Save, ó máàkì ibi tí wọ́n kọ Embed fonts in the file sí, ó tún ṣe PDF kan lé e. Kò tó ìṣẹ́jú méjì! Ọ̀gá rẹ̀ ní owó ò ṣeé dá padà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọmọ mi ní defence lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti san owó tirẹ̀ fún wọn, wọn ò tíì fún mi ní rìsíìtì.