Bá a ṣe lọ wo iṣẹ́ àwọn ará abúlé ní Sierra Leone: ẹ lọ, àmọ́ ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi, wọ́n ń bi mí bóyá káwọn fowó sílẹ̀ fún àwọn ejẹ́ǹtì tó ń kó èèyàn lọ Sierra Leone lọ wo nǹkan tí àwọn ará abúlé fọwọ́ ara wọn tún ṣe lẹ́yìn ogun. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kabba ti bá wọn lọ, a sì ti dé. Ẹ lọ, ó dáa. Àmọ́ ọjọ́ kan wà nínú ẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Owó ná. Owó èsúsú ọdún kan gbáko ló bá a lọ, mọ́tò, ibi tá a sùn àti oúnjẹ wà nínú ẹ̀, físà ò sí torí ọmọ ECOWAS ni wá. Ohun tí wọn ò sọ fún wa tá a fi dé ọ̀hún ni pé pápákọ̀ òfurufú Lungi ń gba owó ààbò nígbà tá a lọ, dọ́là 25 ní wíwọlé, dọ́là 25 míì ní jíjáde, àti pé Lungi wà lódìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ dé Freetown, olú ìlú wọn. Ìyá kan nínú wa tí kò wọ ọkọ̀ omi rí ń pe Jésù títí a fi gúnlẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò lè sọ irú ẹ̀ fúnni nílé?

Kailahun lowó mi ti bá a. Ìlà-oòrùn pátápátá ni, lẹ́bàá ààlà Liberia, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF tí Foday Sankoh jẹ́ olórí wọn gbà wọlé ní oṣù kẹta 1991, ogun yẹn ò parí àfi 2002, ìgbà tí wọ́n sì ń mí díẹ̀ ni Ebola tún dé ní 2014, Kailahun yẹn náà ló kọ́kọ́ bá. Ọmọ ẹ̀yà Mende ibẹ̀ ló mú wa kiri, ó mọ̀wà hù, kò jẹ́ ká wo nǹkan kan àfi ìgbà tá a kí olórí abúlé tá a sì gbé obì kalẹ̀. Bí bàbá yẹn ṣe gbọ́ Nàìjíríà báyìí, ó ní "ECOMOG!", ìyẹn àwọn ọmọ ogun ECOWAS tí Nàìjíríà ṣáájú wọn lọ bá wọn jà nígbà ogun yẹn, ó sì dì mọ́ ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ pé tíṣà ni, kò gbé ìbọn rí láyé ẹ̀.

Àwọn obìnrin abúlé náà ní ilé irúgbìn ìrẹsì. Tó o bá yá búṣẹ́ẹ̀lì kan nígbà ìgbìn, lẹ́yìn ìkórè wàá dá a padà pẹ̀lú lé díẹ̀, ìrẹsì náà ni lé ọ̀hún, kì í ṣe owó. Ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, epo pupa ti ta sí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó bá san wọ́n á fi bírò pupa fa orúkọ ẹ̀, ẹni tí kò tíì san, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i wò. Mo ní ẹni tó bá kọ̀ tí ò san ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn ní, gbogbo wa la máa lọ jẹun nílé ẹ̀. Akápò wa kọ ìyẹn sílẹ̀ kíá. Ọkùnrin tó ń ru àpò wọlé fúnra ẹ̀ ló sọ fún wa pé ọlọ̀tẹ̀ lòun nígbà tóun wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó bi í, ó sọ ọ́ tán ó padà lọ gbé àpò.

Nítòsí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ gàrí kan wà tí NGO kan gbé wá, pátákó ẹ̀ tóbi ju ilé ẹ̀ lọ. Bẹ́líìtì ẹ̀ já, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra òmíì, adìyẹ ti ń yé sábẹ́ ẹ̀. Wọn ò bi àwọn obìnrin yẹn bóyá gàrí ni wọ́n fẹ́. Mo gbóríyìn fún ejẹ́ǹtì lórí èyí, wọn ò fi pa mọ́ fún wa. Bọrehóòlù àwọn olóṣèlú wa náà ńkọ́?

Oúnjẹ: ewé ẹ̀gẹ́ tí ewúrẹ́ ń jẹ nílé wa, ọbẹ̀ gidi ni lọ́dọ̀ wọn, epo pupa àti ẹja gbígbẹ, wọ́n á bù ú lé ìrẹsì. Mo tún bù. Ibùsùn ò ní iná, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà.

Ó wá ku ọjọ́ Freetown. Ẹlòmíì ló mú wa lọ́jọ́ yẹn, ó kó wa lọ bá àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ nígbà ogun, wọ́n tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n ká apá aṣọ sókè, kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú ní January 1999, àwọn èèyàn wa ń ya fọ́tò. Bàbá kan ń sọ tiẹ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ojú tì mí, mo jáde. Ọjọ́ kejì a lọ sí etíkun Lumley fúnra wa, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ń tẹ ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gólì, wọ́n ń jà lórí pẹnárítì, wọ́n ń bú rẹfirí, a sì pín sí méjì, a ń bá wọn pariwo. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ká aṣọ. Ìyẹn ni kí ejẹ́ǹtì fi rọ́pò bẹ́ǹṣì yẹn.

Ẹ má lọ ní July àti August, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré, ọ̀nà abúlé á ti bà jẹ́. November dáa. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ padà lọ, mo ti ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a ò san owó ọjọ́ bẹ́ǹṣì.